Àgbéyẹ̀wò Archer C6 ti TP-Link: ráútà tó yẹ kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ tò

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ráhùn pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn kì í yá ni kò ṣí ojú ewé ètò ráútà wọn, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, rí láti ọjọ́ tí oníṣẹ́ ti wá gbé e kalẹ̀ fún wọn. Wọ́n á kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á san owó lé owó, síbẹ̀ ohun tó ń dà wọ́n láàmú lè má ju ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lórí ojú ewé yẹn. Nítorí náà, mo fẹ́ gbé Archer C6 tí ilé-iṣẹ́ TP-Link ṣe yẹ̀ wò ní ọ̀nà tí àwọn olùtajà kì í sábà gbà: bí ó ṣe rọrùn tó fún onílé láti tò Wi-Fi rẹ̀ fúnra rẹ̀, àti èrè tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá tò ó dáadáa. Èrò mi ni pé ráútà tó dára ni fún ilé tí fáíbà, wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ilé-iṣẹ́, ti wọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe jáde láti inú páálí kọ́ ló yẹ kí ẹ máa lò ó lọ.

Ohun tó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ráútà yìí kò ní ibi tí a ń ki síìmù sí. Ẹni tó ń fi síìmù gba íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé ní láti wá irú mìíràn, nítorí pé wáyà ni èyí fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú àpótí fáíbà tí ilé-iṣẹ́ bá gbé wá, òun náà á sì wá pín in káàkiri ilé. Ojúhò wáyà márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan fún íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé, mẹ́rin fún kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti ohun mìíràn tí ẹ bá fẹ́ so mọ́ ọn, gbogbo wọn ló sì lè gbé 1,000 Mbps (Mbps ni a fi ń díwọ̀n bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yá tó). Ní ti Wi-Fi, ìgbì méjì ló ń lò: 2.4GHz tí ìwọ̀n rẹ̀ dé 300 Mbps, àti 5GHz tí ìwọ̀n tirẹ̀ dé 867 Mbps. Méjèèjì ni wọ́n rò pọ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní AC1200, ṣùgbọ́n kò sí fóònù kankan tó máa fojú kan 1,200 yẹn, nítorí ìgbì kan ṣoṣo ni fóònù máa ń lò lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n orí ìwé sì ni, kì í ṣe ti inú ilé tó ní ògiri. Bí ẹ bá ń san owó 50 Mbps, 50 náà ni òpin ohun tó lè wọlé wá bá yín láti ìta. Iṣẹ́ ráútà ni kí ó má jẹ́ kí 50 yẹn di 8 kí ó tó dé yàrá.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò le. Ẹ ó ki wáyà láti inú àpótí fáíbà sínú ojúhò tí wọ́n kọ Internet sí, ẹ ó tan ráútà, ẹ ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ lè ka ìwé àlẹ̀mọ́ tó wà ní abẹ́ rẹ̀. Orúkọ Wi-Fi méjì ni ẹ ó rí níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TP-Link, tí ọ̀kan sì parí sí 5G, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà oní-nọ́ńbà mẹ́jọ. 5G tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú 5G tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń polówó; ìgbì 5GHz ni wọ́n ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì, ẹ tẹ tplinkwifi.net tàbí 192.168.0.1 sí ibi tí a ń tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sí lórí Chrome tàbí Firefox. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń há sí. Bí ẹ bá ń lo fóònù, tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì tíì wọ inú ráútà, fóònù á rò pé Wi-Fi náà kò wúlò, á yí padà sí dátà síìmù láìsọ fún yín, ojú ewé náà kò sì ní ṣí bí ó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ pa dátà ná, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ó máa ṣí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìṣètò ráútà yìí ni pé kò gbà kí ẹ wọlé láìjẹ́ pé ẹ dá ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín sílẹ̀ fún ojú ewé ètò. Àwọn ráútà àtijọ́ máa ń jáde pẹ̀lú admin gẹ́gẹ́ bí orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, onílé kì í yí i padà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti rí Wi-Fi ilé náà lò lè wọ inú ètò rẹ̀ lọ ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣínà yìí yàtọ̀ sí ti Wi-Fi pátápátá, nítorí pé ti Wi-Fi ni ẹ ó máa fún àwọn ọmọ àti ẹbí, ti ojú ewé ètò kò sì kan ẹlòmíràn. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Tether tí ẹ lè fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí lórí fóònù, ó sì dára fún wíwo ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti fún yíyí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ṣùgbọ́n fún títò ó dáadáa, ojú ewé orí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn láti lò, kí ó sì fi wáyà so kọ̀ǹpútà náà mọ́ ráútà. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí ẹ bá yí orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lórí Wi-Fi, Wi-Fi náà á já yín dànù lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì tún ní láti wọlé lákọ̀tun.

Kí ẹ tó dé orí Wi-Fi gan-an, ìpinnu kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ṣe. Àpótí tí ilé-iṣẹ́ fáíbà gbé wá sábà máa ń jẹ́ ráútà fúnra rẹ̀, ó ní Wi-Fi tirẹ̀, òun ló sì ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Bí ẹ bá tún so Archer C6 mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ráútà, méjì ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lórí Wi-Fi ti àkọ́kọ́ á sì ṣòro fún kọ̀ǹpútà tó wà lórí ti èkejì láti rí. Abala kan wà lábẹ́ Advanced tí wọ́n pè ní Operation Mode, ibẹ̀ ni ẹ ti lè sọ C6 di Access Point, tí yóò kàn máa fọ́n Wi-Fi jáde tí yóò sì fi pínpín àdírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ fún àpótí ilé-iṣẹ́. Èyí ni mo yàn fún ilé tí a kò ti ráàyè yí ètò àpótí ilé-iṣẹ́ padà. Ẹni tó bá fẹ́ lo ètò ìṣọ́ àwọn ọmọ àti ìdíwọ̀n iye íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè lò ní láti fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ráútà. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ pa Wi-Fi ti àpótí ilé-iṣẹ́, nítorí pé méjèèjì á kàn máa dí ara wọn lọ́wọ́ nínú afẹ́fẹ́ kan náà ni.

Ó wá kan orúkọ. Ẹ lè fún ìgbì méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo, tàbí kí ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Lórí àwọn ẹ̀dà tó ní Smart Connect, ráútà fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbì tí fóònù kọ̀ọ̀kan yóò wà lórí rẹ̀, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Èmi gbà pé yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ló dára jù nínú àwọn ilé wa, mo sì ní ìdí. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í jẹ́ kí 5GHz kọjá dáadáa: nínú pálọ̀ tí ráútà wà, kò sí ohun tó yá tó o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá ògiri méjì, 2.4GHz tó lọ́ra á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí 5GHz á ti rẹ̀ tán. Ìgbà mìíràn, fóònù á rọ̀ mọ́ 5GHz tó ti rẹ̀ yẹn nítorí pé orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́. Bí orúkọ bá yàtọ̀, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà pálọ̀ á wà lórí 5GHz, àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn á mú 2.4GHz, ẹ kò sì ní máa méfò. Kámẹ́rà ìṣọ́lé àti gílóòbù aláfọwọ́-fóònù-tàn tó wọ́pọ̀ lọ́jà kò tilẹ̀ mọ 5GHz rárá, nítorí náà ẹ̀yin tó ń bínú pé kámẹ́rà kò rí Wi-Fi yín, ẹ wo orúkọ tí ẹ ń gbìyànjú láti so ó mọ́. Ohun kan tún wà tó lè gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ púpọ̀: bí ẹ bá fún ráútà tuntun ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ráútà àtijọ́ ní gan-an, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ inú ilé á wọlé fúnra wọn bí ẹni pé nǹkan kan kò yí padà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, bí ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ náà bá ti di ti gbogbo àdúgbò.

Ibi tí èrè pọ̀ sí jù lórí ojú ewé náà ni ìlà méjì tí wọ́n kọ Channel àti Channel Width sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn kì í fọwọ́ kàn. Ìgbì 2.4GHz pín sí ojú ọ̀nà mẹ́tàlá ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, mọ́kànlá ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n gun ara wọn lórí débi pé mẹ́ta péré ni kì í kan ara wọn: 1, 6 àti 11. Nínú ẹ́sítéètì tí fúláàtì mẹ́fà wà lójú kan, tí ráútà kọ̀ọ̀kan sì ń lo ojú ọ̀nà tó bá wù ú, ariwo ni gbogbo wọn ń pa lé ara wọn lórí, fóònù á fi hàn pé Wi-Fi kún fọ́fọ́, fídíò á sì máa dúró. Ẹ wá áàpù kan tó ń ṣàfihàn Wi-Fi àdúgbò sórí fóònù Android, ó pọ̀ lórí Play Store, kí ẹ wo èwo nínú 1, 6 àti 11 ni èrò kò pọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ sì gbé tiyín síbẹ̀. Ẹ má yan 3 tàbí 8 pẹ̀lú èrò pé ibẹ̀ ṣófo, nítorí pé ẹni tó bá wà ní 3 ń gbọ́ ariwo ti 1 àti ti 6 papọ̀ ni. Ní ti ìbú, ẹ fi 2.4GHz sí 20MHz níbi tí aládùúgbò bá pọ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 40MHz ló ń fún un ní ìwọ̀n 300 tí wọ́n kọ sára páálí. Ojú ọ̀nà tóóró tí kò sí ariwo lórí rẹ̀ máa ń yá ju gbòòrò tí gbogbo ayé ń gbà lọ. Ti 5GHz yàtọ̀. Àyè pọ̀ níbẹ̀, kì í sì í la ògiri aládùúgbò kọjá púpọ̀, nítorí náà ẹ fi í sí 80MHz, kí ẹ jẹ́ kí ráútà yan ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò gba àfojúdi. Nínú àwọn ìlànà tó ń dáàbò bo Wi-Fi, ẹ yan WPA2-Personal, tàbí WPA3 bí ẹ̀dà tí ẹ rà bá ní in, tí àwọn fóònù inú ilé sì gbà á. WPA2 ti wà láti ọdún 2004, WPA3 dé ní 2018. WEP, ìlànà ààbò àtijọ́ tó ti wà láti 1997, ti fọ́ láti 2001, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó mọ́, ìbáà jẹ́ nítorí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí kò mọ òmíràn. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Encryption sí, ìyẹn ọ̀nà tí ráútà ń gbà dárú ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má lè kà á, ẹ mú AES, kí ẹ fi TKIP sílẹ̀. Yàtọ̀ sí pé TKIP kò láàbò mọ́, ìlànà Wi-Fi òde òní kò gbà kí ó yá kọjá 54 Mbps, nítorí náà ẹni tó fi ráútà rẹ̀ sí i ti fi owó ara rẹ̀ ṣòfò láìmọ̀. Ẹ wá bọ́ sí abala WPS, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà wọ Wi-Fi láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ pa nọ́ńbà PIN tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2011 ni wọ́n ti fi hàn pé nọ́ńbà oní-mẹ́jọ yẹn, ìdajì-ìdajì ni ráútà ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹni tó ń wá ọ̀nà wọlé kò fi ní láti gbìyànjú ju 11,000 lọ kí ó tó rí i, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ sì ni fún kọ̀ǹpútà.

Nípa ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi, mo rí i pé orúkọ ọmọ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò, tàbí nọ́ńbà fóònù bàbá. Aládùúgbò tó bá ti bá yín ṣe ìkómọ mọ méjèèjì. Ìlànà WPA2 gba ọ̀rọ̀ aṣínà tó gùn tó lẹ́tà 8 sí 63, ó sì fẹ́ lẹ́tà tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù lásán, nítorí náà àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí ẹ má fi Yorùbá ṣe é. Gbólóhùn kan tí kò sí ẹni tó máa ronú kàn, bíi egusi-iya-agba-ko-lata-rara, gùn, ó rọrùn láti rántí, ọmọ ilé á sì lè tẹ̀ ẹ́ láìṣe àṣìṣe. Ẹ má lo òwe tí gbogbo èèyàn mọ̀, ẹ má sì lo oríkì ìdílé, nítorí pé ẹni tó mọ̀ yín ló sábà máa ń wá Wi-Fi yín.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àlejò tí ráútà yìí ní ṣe pàtàkì fún ìdílé Yorùbá, nítorí pé ilé wa kì í ṣófo. Mọ̀lẹ́bí á dé láti ìlú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà á wá, ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ á kó ara wọn dé ní ìsinmi, kò sì bójú mu kí ẹnì kan béèrè Wi-Fi kí ẹ sọ pé kò sí. Lábẹ́ Guest Network, ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ tí ẹ lè yí padà nígbà tí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá ti kọjá. Àpótí kéékèèké méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan tó ń gba àwọn àlejò láàyè láti rí ẹ̀rọ ara wọn, èkejì tó ń jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ẹ̀rọ inú ilé yín. Ẹ má fi àmì sí ìkankan nínú wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n á rí, wọn kò ní rí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín tàbí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà.

Fífi orúkọ Wi-Fi pamọ́ kò wúlò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Áàpù tó ń wo Wi-Fi àdúgbò ṣì máa ń mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, wàhálà tó kù sì jẹ́ ti onílé tó máa máa tẹ orúkọ náà fúnra rẹ̀ sórí gbogbo fóònù. Agbára ìgbì, tí wọ́n kọ Transmit Power sí, ẹ fi í sí High.

Ibi tí ẹ gbé ráútà sí lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Àárín ilé ló yẹ ẹ́, ní òkè díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù, kó má sì sún mọ́ ẹ̀rọ máíkíróweéfù, nítorí pé agbègbè 2.4GHz náà ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Pẹpẹ kọnkéré tó ya ìsàlẹ̀ kúrò lára òkè nínú ilé alájà nira fún un ju ògiri lọ, mi ò sì ní purọ́ fún ẹni tó ní ilé alájà méjì pé C6 kan máa tó o.

Iná náà kò ṣeé gbójú fò. Archer C6 ń lo 12V, nítorí náà bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà lè gbé e nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, bí ẹ bá ti wo iye ámpíà tó wà lára ṣájà rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ẹ rántí pé àpótí fáíbà náà gbọ́dọ̀ wà lórí bátìrì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Wi-Fi á wà, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì ní sí. Iná kékeré Internet tó wà lórí rẹ̀ ló máa sọ èyí fún yín: bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé, bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, wáyà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n nǹkan kan kò wọlé láti ìta, ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún ló sì yẹ kí ẹ pè, kì í ṣe ètò yín ni kí ẹ tún máa yí. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í pa ètò tí ẹ ti fi pamọ́ rẹ́.

Àléébù rẹ̀ tó dùn mí jù ni èdè. Èdè púpọ̀ ni ojú ewé náà lè lò, Yorùbá kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Hausa tàbí Igbo, nílẹ̀ tí àwọn èèyàn ń ra ráútà lójoojúmọ́. Màmá tó lè fi fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ owó láìsí wàhálà á dé orí Channel Width, á sì pa á dé, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti òye rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Wi-Fi 5 ni, ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, nígbà tí Wi-Fi 6 ti wà lórí àtẹ. Ẹni tó ní fóònù àti kọ̀ǹpútà tuntun púpọ̀ nínú ilé lè fi owó díẹ̀ kún un kó mú ọ̀kan nínú Archer AX, àwọn tó ń lo Wi-Fi 6. Kò ní ihò USB, C6U ló ní in, nítorí náà ẹ ka orúkọ náà tán kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀dà rẹ̀ náà pọ̀, ìwé àlẹ̀mọ́ abẹ́ rẹ̀ ló ń sọ èyí tí ẹ rà, firmware (ètò tó ń darí ráútà láti inú) ẹ̀dà kan kì í sì í ṣe ti òmíràn. Ẹni tó bá fi ti ẹlòmíràn sí i lè sọ ráútà rẹ̀ di òkúta.

Ilé oníyàrá mẹ́ta lórí ilẹ̀ kan, tí fáíbà ti wọ̀, tí àpótí ilé-iṣẹ́ sì wà ní igun kan níbi tí Wi-Fi rẹ̀ kò ti lè dé yàrá, ni mo rò pé Archer C6 bá mu jù lọ. Ẹni tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀, tí àpótí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti ní 5GHz, kò nílò rẹ̀: orúkọ, ojú ọ̀nà, AES, WPS, gbogbo wọn wà lórí ojú ewé ètò àpótí yẹn náà, ibẹ̀ sì ni kí ó ti kọ́kọ́ tò wọ́n kó tó náwó sí ráútà mìíràn.